Ètò Wo Ni Kí A Fi Gba Ohùn Sílẹ̀ Nínú Ilé?

 

Nínú irú ìwé kékeré bí èyí, a máa ń yẹ ìwé àti ìtàn wò, a ó sì sọ èyí tó dára àti èyí tó kù díẹ̀ káàtó. Lónìí, kì í ṣe ìwé ni mo mú wá. Ètò kọ̀ǹpútà ni, ìyẹn àwọn ètò tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn kan nínú yín ti ń bi mí léèrè ní ìparí ẹ̀kọ́ pé: "Olùkọ́, ọmọ wa ti ra kọ̀ǹpútà wá láti Kútọnu, ó sì ti ra míkrò pẹ̀lú. Èwo la ó fi gba ohùn?"

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ olórin nìkan ni. Ọkùnrin kan fẹ́ gba orin ẹ̀fẹ̀ tí bàbá rẹ̀ mọ̀. Obìnrin kan fẹ́ gba àlọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà. Ẹgbẹ́ akọrin fẹ́ kọ orin tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn ará wọn lókèèrè. Èmi náà ń gba ẹ̀kọ́ ìwé kíkà sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè wá sí kíláàsì nígbà iṣẹ́ oko.

Láyé kásẹ́ẹ̀tì, kò sí ìbéèrè yìí. Ẹ ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú rédíò, ẹ ó tẹ bọ́tìnì méjì pọ̀, ó parí. Kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò ni àwọn àṣẹ tí àwọn onímọ̀ ti kọ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, kí ó lè mọ ohun tí yóò ṣe. Kọ̀ǹpútà tí kò ní ètò ìgbohùn dà bí rédíò kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní bọ́tìnì. Àwọn ètò náà sì pọ̀ bí ìkòkò lójà amọ̀kòkò. Òmíràn jẹ́ ọ̀fẹ́, òmíràn ń gba owó lọ́dọọdún.

Kí a tó dárúkọ èyíkéyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ kan tí àwọn tó ń tajà kì í sọ. Ní ti gbígba ohùn nìkan, àwọn ètò wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nígbà tí ẹ bá sọ̀rọ̀ sínú míkrò, kọ̀ǹpútà ń wọn ohùn yín ní ìgbà 44.100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n yìí kan náà ni wọ́n lò fún àwo CD tó jáde ní 1982. Ètò olówó ńlá ń kọ nọ́ńbà wọ̀nyí sílẹ̀, ètò ọ̀fẹ́ náà ń kọ wọ́n sílẹ̀. Bí míkrò bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí yàrá jẹ́ ọ̀kan náà, ohùn tí ètò méjèèjì yóò kó wọlé kò ní yàtọ̀ sí ara wọn.

Nítorí náà, nǹkan mìíràn ni mo fi ń díwọ̀n wọn. Mo ń béèrè pé: ṣé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé lè lò ó láìsí ẹni tó dúró tì í? Bí iná bá lọ lójijì, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ohùn tí a ti gbà? Eélòó ni? Ìbéèrè kẹrin ni ó sì wúwo jù lójú mi: bí ó bá di ọdún mẹ́wàá sí i, ṣé a ó tún lè ṣí ohùn náà, kí a sì gbọ́ ọ?

Ẹ wo ìdí tí ìbéèrè kẹrin fi wúwo. Ní 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní pàtàkì fún gbogbo ayé, ní orúkọ orílẹ̀-èdè Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ní 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ wọn. Ó dára, inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ìkéde náà kò gba ohùn bàbá tó ń kọ ẹ̀fẹ̀ ní abúlé yín sílẹ̀. Orin ẹ̀fẹ̀ ọdún yìí kọ́ ni ti ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá gbà á sílẹ̀, tó wá sọ ọ́ nù nítorí ètò tí kò dára tàbí ètò tí kò yé e, kò ní rí i rà lọ́jà.

Èyí tí mo kọ́kọ́ fẹ́ yẹ̀ wò ni Audacity. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Dominic Mazzoni àti olùkọ́ rẹ̀, Roger Dannenberg, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà ní 1999. Wọ́n gbé e jáde fún gbogbo ènìyàn ní 2000. Ọ̀fẹ́ ni láti ìgbà náà. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ ọlọ́jọ́ mélòó kan, kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́ tí wọn yóò ti ìdajì rẹ̀ pa. Gbogbo rẹ̀ lẹ ó rí lò. Àṣẹ tí wọ́n fi kọ ọ́ pàápàá wà ní gbangba, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà lè kà á, kí ó sì tún un ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ojú rẹ̀. Ẹ ó rí òbìrí pupa, òun ni ti gbígba ohùn. Ẹ ó rí igun mẹ́ta, òun ni ti gbígbọ́. Ẹ ó rí igun mẹ́rin, òun ni ti dídúró. Àmì ara rédíò kásẹ́ẹ̀tì ni wọ̀nyí! Ẹni tó ti lo kásẹ́ẹ̀tì rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ kí ó tó jókòó. Mo ti rí ìyá àádọ́ta ọdún tó tẹ òbìrí pupa náà láìbéèrè, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ń yọ lójú kọ̀ǹpútà bí òkè àti àfonífojì, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ètò náà kò nílò kọ̀ǹpútà alágbára. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi sínú kọ̀ǹpútà tán. Bí iná bá lọ tàbí tí kọ̀ǹpútà bá kú lójijì, nígbà tí ẹ bá tún ṣí ètò náà, yóò sọ fún yín pé òun rí iṣẹ́ kan tí kò parí, yóò sì bi yín bóyá kí òun gbà á padà. Àwa tí iná ń lọ mọ́ lọ́wọ́, a mọ iyì èyí.

Ṣùgbọ́n n kò wá yìn ín nìkan. Ó ní àléébù, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì kan àwa tí a ń kọ́ ìwé gan-an.

Ọ̀rọ̀ Faransé ni ọ̀pọ̀ wa ń rí lójú ètò yìí ní ilẹ̀ Benin àti Tógò, nítorí èmi kò tíì rí Yorùbá níbẹ̀. Nínú Faransé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni "enregistrer". Bí ẹ bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, "enregistrer" ni. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe kí ó má baà sọnù, "enregistrer" náà ni. Iṣẹ́ méjì, orúkọ kan! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé yóò rí ọ̀rọ̀ náà, yóò sọ pé: "Ṣebí mo ti gbà á sílẹ̀?" Yóò pa kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà bá bi í bóyá kí òun tọ́jú iṣẹ́ náà, bí ìbéèrè náà kò bá yé e, ó lè dáhùn pé rárá, iṣẹ́ ọjọ́ náà á sì lọ. Èdè tiwa kò da méjèèjì pọ̀. A ní "gba ohùn sílẹ̀", a sì ní "tọ́jú" tàbí "fi pamọ́". Bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ yín tàbí ẹgbẹ́ yín ní iṣẹ́ yìí, ẹ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá méjèèjì kọ́ wọn kí ẹ tó fi Faransé hàn wọ́n. Ẹ tilẹ̀ lè kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ̀ǹpútà. Èmi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta tún wà níbẹ̀: "exporter", ìyẹn mímú ohùn jáde. Èyí ni ó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú jù. Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí ẹ bá tọ́jú iṣẹ́ nínú Audacity, ètò náà kò ṣe orin tí fóònù lè kọ. Ó ṣe fáìlì tirẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ parí sí aup3. Audacity nìkan ló wà fún. Bí ẹ bá fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín, yóò gbà á, yóò tẹ̀ ẹ́, kò ní gbọ́ ohunkóhun. Ẹ gbọ́dọ̀ mú ohùn náà jáde ní irú fáìlì tí gbogbo ẹ̀rọ mọ̀, bíi WAV tàbí MP3.

Kí 2021 tó dé, ọ̀ràn náà tún le ju báyìí lọ. Láyé ìgbà náà, Audacity máa ń pín iṣẹ́ kan sí ọ̀nà méjì: fáìlì kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí aup, àti àpò ńlá kan tí ohùn gan-an wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò mú fáìlì kékeré náà nìkan sórí klé, yóò lọ sí ìlú mìíràn, yóò ṣí i, yóò bá òfìfo. Ohùn ti ṣẹ́kù sílé. Bí wọ́n bá sì ti nu kọ̀ǹpútà ilé náà, ó tán. Ẹ̀yà 3.0 tó jáde ní oṣù Kẹta 2021 ló so méjèèjì pọ̀ di fáìlì kan. Bí ẹnì kan bá fún yín ní kọ̀ǹpútà àtijọ́, ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀yà Audacity tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2, ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí iṣẹ́ àtijọ́ tó parí sí aup, ẹ má ṣe gbé fáìlì náà láìgbé àpò rẹ̀.

Àléébù mìíràn wà tí ó ti dín kù nísinsìnyí. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ kí ohùn ròkè tàbí kí ó dún bí ẹni pé ó wà nínú gbọ̀ngàn, ètò náà yóò yí ohùn gan-an padà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á, kò sí ọ̀nà láti dá a padà. Láti ẹ̀yà 3.2, ní 2022, ẹ lè fi irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ sórí ohùn láìba ohùn ìpìlẹ̀ jẹ́, kí ẹ sì tún yọ ọ́ kúrò bí ó bá wù yín. Ìtẹ̀síwájú gidi ni èyí. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi dùùrù kọ̀ǹpútà kọ orin, Audacity ẹ̀yà kẹta kì í ṣe tirẹ̀. Ohùn ni ó mọ̀ ọ́n gbà. Kò mọ̀ ọ́n gba orin olóhùn ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní MIDI.

Ẹ ó tún gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé Audacity ń ṣe amí. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ Muse Group gba ètò náà. Ní oṣù Keje ọdún náà, wọ́n gbé ìwé kan jáde lórí irú ìròyìn tí wọ́n lè gbà nípa ẹni tó ń lò ó. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì pariwo títí ilé-iṣẹ́ náà fi tún ìwé náà kọ. Ariwo náà dára, nítorí ohun tí gbogbo ènìyàn ń lò, ó yẹ kí ojú gbogbo ènìyàn wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà lè yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn yòókù.

REAPER ni mo gbà pé ó tẹ̀ lé e. Justin Frankel, ẹni tó ṣe Winamp tí ọ̀pọ̀ fi ń gbọ́ orin nígbà kan, ló ṣe é. Wọ́n gbà kí ẹ dán an wò fún ọjọ́ 60, láìti nǹkan kan pa nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, owó rẹ̀ fún ẹni tó ń lò ó nínú ilé, tàbí oníṣòwò kékeré, jẹ́ dọ́là 60, ìyẹn bíi 35.000 fáránkì sẹ́fà. Ó fúyẹ́, ó yára, ó sì lè gba ìlù mẹ́fà àti olórin mẹ́ta sórí ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí a ń so míkrò púpọ̀ mọ́. Bí ẹgbẹ́ onílù yín bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ tí wọn yóò tà, REAPER ni màá ní kí wọ́n fi owó sí. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ kún jù. Bọ́tìnì pọ̀ níbẹ̀ bí èso ìdí igi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé yóò bẹ̀rù, n kò sì ní bá a wí.

Pro Tools lórúkọ jù láàárín àwọn ilé ìgbohùn ńlá. Láti 1991 ni ó ti wà. Ní 2022, wọ́n gbé ọ̀kan jáde tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí wọ́n ń pè ní Pro Tools Intro, ṣùgbọ́n ìlà ohùn 8 péré ni ó fàyè gbà, ẹ sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, wàhálà rẹ̀ ju èrè rẹ̀ lọ fún ilé wa. GarageBand dára púpọ̀, láti 2004 ni ó ti wà, ọ̀fẹ́ sì ni báyìí; àmọ́ ẹ̀rọ Apple nìkan ló ń gbà á. Bí ọmọ yín tó wà lókèèrè bá ti fi iPhone ránṣẹ́ sí yín, ẹ dán an wò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ gbàgbé rẹ̀.

FL Studio ni ti àwọn ọ̀dọ́. Ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti ṣe é, ní 1997, wọ́n sì ń pè é ní FruityLoops nígbà náà. Fún ṣíṣe ìlù ẹ̀rọ, mo gbà pé ó dára. Ẹni tó bá rà á lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní sanwó mọ́ fún ẹ̀yà tuntun títí láé. Ìwà ọmọlúwàbí nìyẹn nínú òwò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n fi ń dánni wò. Yóò jẹ́ kí ẹ ṣe iṣẹ́, yóò jẹ́ kí ẹ tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ẹ tún un ṣí títí ẹ ó fi sanwó. Ẹni tí kò mọ̀ lè fi ohùn ìyá rẹ̀ sínú àpótí tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé: "Olùkọ́, kí ló ń jẹ́ owó? Ọ̀rẹ́ mi ní gbogbo rẹ̀ lórí klé." Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àdàkọ tí wọ́n fọ́ ìdè rẹ̀ ni. N kò ní fi ẹ̀ṣẹ̀ nìkan dẹ́rù bà yín. Ẹni tó fọ́ ìdè ètò kan lè fi kòkòrò kọ̀ǹpútà sínú rẹ̀, irú kòkòrò tó ń pa fáìlì rẹ́ tàbí tó ń tì wọ́n pa. Nígbà tí ètò ọ̀fẹ́ tó mọ́ wà, kí ni a ń wá nínú ìdọ̀tí?

Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń yan ètò mọ̀. Ètò ìgbohùn kan wà tí ń jẹ́ SONAR, tí ilé-iṣẹ́ Gibson, àwọn tó ń ṣe gìtá, ni í. Àwọn ènìyàn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó iṣẹ́ wọn sínú rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2017, Gibson kéde pé àwọn kò ní ṣe é mọ́. Ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn díẹ̀ nígbà tí ilé-iṣẹ́ BandLab láti Singapore rà á ní 2018, tí wọ́n sì fi ṣe ọ̀fẹ́. Ní 2023, wọ́n tún kéde pé òmíràn yóò rọ́pò rẹ̀. Ẹ rí i pé ilé-iṣẹ́ ńlá lè pa ojú dé lọ́jọ́ kan. Ohun tó gba àwọn tó gbọ́n nínú wọn là ni pé wọ́n ti mú ohùn wọn jáde ní WAV. Ilé-iṣẹ́ Microsoft àti IBM ló gbé irú fáìlì yìí jáde ní 1991, ó sì ṣòro láti rí ètò ìgbohùn tí kò lè ṣí i lónìí.

WAV tóbi, lóòótọ́. Ohùn ènìyàn kan fún ìṣẹ́jú kan yóò gba bíi mégà 5. Bí ó bá jẹ́ ti apá òsì àti apá ọ̀tún, bíi mégà 10. MP3 tí ó wọ́pọ̀ yóò gba bíi mégà 1 péré, nítorí ó ń gé ohun tó rò pé etí kò ní gbọ́ dànù. Ohun tó gé dànù kì í padà. Àṣà mi ni pé WAV ni mo ń tọ́jú sílé, MP3 ni mo ń fi ránṣẹ́. Nínú iṣẹ́ Audacity fúnra rẹ̀, wákàtí kan ohùn ènìyàn kan lè gba mégà 600 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ètò náà ń fi nọ́ńbà tó gùn jù kọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ wo ààyè tó kù nínú kọ̀ǹpútà kí bàbá tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn, kì í ṣe nígbà tó bá dé àárín.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní kọ̀ǹpútà, fóònù yín ní ètò ìgbohùn nínú. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù ń tọ́jú ohùn ní irú fáìlì tí ń jẹ́ M4A, Audacity lórí Windows kò sì ní ṣí i títí ẹ ó fi fi ìrànlọ́wọ́ kan tí ń jẹ́ FFmpeg kún un. Ọ̀fẹ́ ni FFmpeg, àmọ́ kí ló dé tí wọn kò fi sí i láti ilé? Ó ń dá iṣẹ́ dúró fún ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì nítòsí. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bí ìwé, kí ó lè dé bí ẹ ṣe gbà á gan-an. Má sọ̀rọ̀ sínú WhatsApp fúnra rẹ̀ kí o wá pè é ní ìgbohùnsílẹ̀. Ó ń fún ohùn pọ̀ bí ẹni ń fún aṣọ.

Ìbínú díẹ̀ ni mo fi ń kọ èyí tó kàn. Mo ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà lórí ètò fún oṣù mẹ́ta, èyí dára, èyí kò dára, tí yàrá wọn sì ń dún bí inú garawa. Òrùlé páànù, ilẹ̀ símẹ́ńtì, ògiri lásán. Ohùn yóò máa ta padà láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, kò sì sí ètò kankan tí yóò yọ ọ́ kúrò tán. Ẹ gbé tìmùtìmù sára ògiri. Ẹ fi aṣọ nípọn kọ́ sẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Yàrá tí aṣọ kún inú rẹ̀ sàn ju pálọ̀ ẹlẹ́wà lọ. Ẹ jẹ́ kí míkrò jìnnà sí ẹnu ní ìwọ̀n ìka àtàǹpàkò sí ọmọńdinrín tí ẹ bá yà ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ yan àkókò tí ẹ̀rọ ìlọta kò ṣiṣẹ́, tí òjò kò rọ̀. Àkùkọ, ẹ bò ó mọ́lẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé kejì. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ní bátìrì, ẹ yọ ọ́ lára iná nígbà ìgbohùn. Ìhùn-ùn-hùn-ùn tó máa ń wọ ohùn lè lọ.

Ẹ kíyè sí àmì ìwọ̀n ohùn tó wà lókè ojú Audacity. Bí ohùn bá ń pọ̀ sí i, yóò máa gùn síwájú. Bí ó bá kan òpin, ohùn ti fọ́ nìyẹn, fífọ́ rẹ̀ kò sì ṣe é tún ṣe dáadáa. Ìyá ìlù lè dé òpin náà ní ẹ̀ẹ̀kan. Nítorí náà, ẹ ní kí onílù kọ́kọ́ lu ibi tó le jù nínú ìlù rẹ̀, kì í ṣe ibi tó rọ̀ jù, kí ẹ wá dín agbára míkrò kù títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó dé òpin.

Audacity ní iṣẹ́ kan tó ń dín ariwo kù. Ó wúlò. Ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, kí ètò náà lè mọ irú ariwo tó wà níbẹ̀, kí ó sì yọ ọ́ lára ìyókù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kékeré ni kí ẹ fi lò ó. Ẹni tó bá lò ó jù, ohùn àgbà yóò dà bí ohùn ẹni tó wà nínú omi. Ẹ má sì ṣe é lórí ohùn ìpìlẹ̀. Ẹ dà á kọ, kí ẹ ṣe é lórí àdàkọ. Bí mo bá ní kí n yàn láàárín ohùn tó mọ́ tí kò jọ bàbá mọ́, àti ohùn bàbá pẹ̀lú àkùkọ lẹ́yìn rẹ̀, àkùkọ ni màá mú.

Ìdájọ́ mi nìyí: fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó fẹ́ gba ohùn ènìyàn, ìtàn, àlọ́, orin díẹ̀ àti ẹ̀kọ́, ẹ mú Audacity ẹ̀yà kẹta, láti ojúlé Audacity gan-an, kì í ṣe ti ẹni tó ń ṣe bí ẹni pé òun ni. Bí iṣẹ́ bá di iṣẹ́ owó, tí ìlà ohùn pọ̀, ẹ lọ sí REAPER. Ìyókù kò pọn dandan fún wa.

Kí ẹ tó pè àgbà kankan wá jókòó níwájú míkrò, ẹ kọ́kọ́ fi ohùn tiyín dán gbogbo rẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú méjì: ẹ gbà á, ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ mú un jáde ní WAV, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tàn, ẹ sì gbọ́ ọ. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ kọ orúkọ ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, orúkọ ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ náà sára orúkọ fáìlì. Ẹ dà á kọ sórí klé méjì. Ọ̀kan yóò wà lọ́dọ̀ yín. Èkejì, ẹ fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ń gbé ilé mìíràn.